Àyẹ̀wò Ẹnu Ilé Ọmọ: Ìgbà Wo Ló Kan Ìwọ, Ọmọ Rẹ àti Ìyá Rẹ?

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kì í ṣe àìsàn òjijì. Láti ìgbà tí kòkòrò tó ń fà á bá ti fìdí kalẹ̀ lára obìnrin títí di ìgbà tí yóò fi di jẹjẹrẹ, ó sábà máa ń gbà tó ọdún 15 sí 20. Lára ẹni tí agbára ìdènà àrùn rẹ̀ kò lágbára tó, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò ní dun obìnrin náà, kò ní yún un, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní máa dà lára rẹ̀. Yóò máa ná ọjà, yóò máa bímọ, yóò máa jó lóde ìnáwó. Ìgbà tí kò mọ nǹkan kan lára yìí gan-an ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé yín ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn: ara líle la fi ń lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ. Ẹni tó bá dúró títí tí nǹkan fi ń ṣe é, ìtọ́jú ló ń wá lọ, kì í ṣe àyẹ̀wò mọ́.

Ní Nàìjíríà, lẹ́yìn jẹjẹrẹ ọyàn, kò tún sí jẹjẹrẹ mìíràn tó ń mú obìnrin tó èyí. Káàkiri àgbáyé, obìnrin bí 660,000 ni wọ́n rí i lára wọn ní 2022, bí 350,000 sì gba ibẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè tí àyẹ̀wò kò ti kárí ló ti ń pa ènìyàn jù. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí nínú gbogbo jẹjẹrẹ, díẹ̀ ni a mọ orísun rẹ̀ tó báyìí, díẹ̀ sì ni a lè ká mọ́ ọ̀nà tó báyìí.

HPV ni orúkọ kòkòrò náà. Dókítà ọmọ Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló tọ́ka sí i pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ yìí, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Ìbálòpọ̀ ló ń gbà ranni. Ó wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ti ní ìbálòpọ̀ rí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni yóò kó o nígbà kan. Lára ọ̀pọ̀, ara fúnra rẹ̀ ló máa lé e jáde, kì í sì í sábà ju ọdún 2 lọ. Lára àwọn díẹ̀, kò ní lọ. Àwọn tí kò lọ lára wọn yìí ni ó ń ba ẹnu ilé ọmọ wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oríṣi HPV pọ̀, ṣùgbọ́n oríṣi 16 àti 18 ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú gbogbo 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín ọdún 30 sí 49 ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni àyẹ̀wò ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ni pé kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 30. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò HPV ló ṣe, tí wọn kò sì bá kòkòrò náà lára rẹ̀, yóò tó ọdún 5 sí 10 kó tó tún nílò òmíràn. Bó bá jẹ́ oríṣi àyẹ̀wò méjì yòókù tí mo máa sọ láìpẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún 3 ni. Kódà, obìnrin tó bá ṣe àyẹ̀wò tó péye kó tó pé ọdún 35, tó tún ṣe òmíràn kó tó pé 45, ti dín ewu yìí kù gidigidi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré! Kò sí ẹni tí iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ ajé wọ̀ lọ́rùn tí kò lè yọ ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún un.

Obìnrin tí HIV wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró di ọmọ ọdún 30. Ewu jẹjẹrẹ yìí lára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 6 ti ẹlòmíràn. Ọmọ ọdún 25 ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bó bá sì jẹ́ àyẹ̀wò HPV ni, ọdún 3 sí 5 síra ni kó máa ṣe é. Ibi tí ẹ ti ń gba oògùn yín ni kí ẹ ti béèrè. Bí wọn kì í bá ṣe é níbẹ̀, wọ́n á kọ ìwé tí ẹ máa mú lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Oríṣi àyẹ̀wò 3 ló wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ilé ìwòsàn ìjọba àti níbi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ni èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní VIA. Wọ́n á rẹ òwú sínú omi kíkan kan, irú èyí tó wà nínú ọtí kíkan tí a fi ń se oúnjẹ, wọ́n á fi kan ẹnu ilé ọmọ, wọ́n á sì dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Ibi tí ara ti ń yí padà sí búburú á funfun. Kò nílò ilé àyẹ̀wò ńlá, iná tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa ti tó, kí ẹ sì tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ni èsì ti jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú ẹni tó ń wò ó ló gbójú lé. Nọ́ọ̀sì tí kò tíì mọ̀ ọ́n tó lè fojú fo nǹkan, ó sì lè pe ohun tí kì í ṣe nǹkan ní nǹkan.

Pap smear ni èkejì, èyí tí George Papanicolaou, dókítà ọmọ Gíríìsì tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé jáde. 1943 ni ìwé tí òun àti Herbert Traut kọ nípa rẹ̀ jáde. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ra ẹnu ilé ọmọ fẹ́ẹ́rẹ́, ohun tí wọ́n bá rí mú níbẹ̀ ni wọ́n á gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò kí onímọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Àyẹ̀wò gidi ni, òun ló dín jẹjẹrẹ yìí kù ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í sì í padà lọ gbà á. Àyẹ̀wò tí a kò gba èsì rẹ̀, owó ọkọ̀ lásán ni a ná.

Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò HPV fúnra rẹ̀. Èyí kò wá ibi tó ti bàjẹ́. Kòkòrò tó lè bà á jẹ́ ló ń wá, nítorí náà ó máa ń ta àwọn èèyàn lólobó ṣáájú àwọn méjì yòókù. Èyí tó wá dára jù nínú rẹ̀ fún àwọn tí ojú ń tì ni pé obìnrin lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Wọ́n á fún un ní igi òwú gígùn kan, yóò wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yóò tì í bọ ojú ara, yóò yí i po díẹ̀, yóò sì dá a padà sínú ìgò rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa wo ìhòòhò rẹ̀. Bí ó bá wà níbi tí ẹ wà, tí agbára yín sì ká a, èyí ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ yàn. Bó bá jẹ́ VIA nìkan ló wà nítòsí, ẹ má sọ pé ẹ ń dúró de èyí tó dára jù. Ẹ ṣe VIA.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò gan-an ló máa ń dẹ́rù bani, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kínníkínní. Ẹ má lọ nígbà tí ẹ ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́. Fún ọjọ́ 2 ṣáájú, ẹ má ní ìbálòpọ̀, ẹ má ki oògùn kankan bọ ojú ara, ẹ má sì fi omi tàbí ọṣẹ fọ inú rẹ̀. (Ẹ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ máa fọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ kankan, ojú ara mọ bó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe.) Ẹ ró aṣọ tàbí kí ẹ wọ síkẹ́ẹ̀tì, kí ó lè rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ó ká orúnkún sókè, ẹ ó sì ya ẹsẹ̀. Fún VIA àti Pap smear, nọ́ọ̀sì á fi irinṣẹ́ kan tó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ la ojú ara díẹ̀ kó lè rí ẹnu ilé ọmọ. Ó lè tutù, ó lè ni yín lára díẹ̀, omi kíkan náà sì lè ta yín fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá le ara, yóò ni yín lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ dẹ itan sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá kán lẹ́yìn náà lọ́jọ́ yẹn, kò léwu.

Ara yín ni. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní obìnrin ni kó yẹ̀ yín wò. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ yín dúró tì yín. Bó bá dùn yín, ẹ ní kó dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì tó bá sì jágbe mọ́ yín tàbí tó bi yín ní ìbéèrè ìtìjú níwájú èrò, ẹ lọ bá ọ̀gá rẹ̀, tàbí kí ẹ lọ sí ibòmíràn. Ẹ má torí ẹnu burúkú ẹnì kan fi àyẹ̀wò sílẹ̀ pátápátá.

Kí ẹ tó gun bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ́kọ́ béèrè: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àyẹ̀wò yìí lẹ fẹ́ ṣe fún mi? Ìgbà wo ni èsì máa jáde, ta ló sì máa pè mí? Tí ẹ bá rí nǹkan, ṣé ibí lẹ ti máa tọ́jú mi, àbí ibòmíràn?” Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìkìlọ̀ nípa àrùn yìí, àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjà àti ní gbọ̀ngàn ìlú. Ó dára, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n a máa ń rí ibi tí wọ́n ti ń yẹ obìnrin wò láìní ètò ìtọ́jú fún ẹni tí wọ́n bá rí nǹkan lára rẹ̀. Ẹ gba orúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ń rán èèyàn lọ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bí èsì bá sọ pé HPV wà, ẹ farabalẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó túmọ̀ sí pé kòkòrò náà wà lára yín, ó sì yẹ kí wọ́n wò ó bóyá ó ti ba nǹkan jẹ́. Wọ́n lè ṣe VIA tàbí Pap smear lé e lórí, wọ́n sì lè tọ́jú yín lọ́gán. Bí wọn kò bá rí ibi tó bàjẹ́, ẹ ó padà wá ṣe àyẹ̀wò HPV lẹ́yìn ọdún 2. Ti ẹni tó ní HIV, lẹ́yìn ọdún kan.

Níbí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ìyàwó á fura sí ọkọ, ọkọ á ní ìyàwó ti ń jáde. HPV lè sá pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó hàn. Kò sí dókítà tó lè sọ ọdún tí ó wọlé tàbí ẹni tó mú un wá. Obìnrin tí kò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ lè ní i. Ọkọ rẹ̀ lè ti kó o kí wọ́n tó mọra rárá. Bí ẹ kò bá mọ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nílé, ẹ lè sọ ọ́ báyìí: “Bàbá Bọ́lá, wọ́n rí kòkòrò kan tó wọ́pọ̀ lára èmi, kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan. Dókítà ní ó lè ti wà níbẹ̀ kí n tó délé yín. Wọ́n ní kí n wá gba ìtọ́jú, mo sì fẹ́ kí ẹ sìn mí lọ.” Níbi tí ìyàwó bá ti ju ẹyọ kan lọ nínú ilé, kí gbogbo wọn lọ ṣe àyẹ̀wò, ìyáálé àti ìyàwó.

Ìtọ́jú ohun tí kò tíì di jẹjẹrẹ kò le rárá. Wọ́n lè fi ooru jó ibẹ̀, kì í ju bí ìṣẹ́jú kan lọ púpọ̀. Wọ́n lè fi òtútù líle sun ún. Bí ibi tó bàjẹ́ bá gbòòrò, wọ́n á fi wáyà oníná gé e kúrò. Wọn kò yọ ilé ọmọ. Obìnrin á padà sílé lọ́jọ́ náà, á sì tún lè bímọ. Omi lè máa jáde lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kí ó yẹra fún ìbálòpọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 4, kí ó sì padà lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àgbo rọ́pò èyí.

Ti àwọn ọmọ wa wá ńkọ́? Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 kò nílò àyẹ̀wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló nílò, kí ó tó mọ ọkùnrin. Ní oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn, ní ìpínlẹ̀ 15 àti Àbújá. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ tó kù tẹ̀lé e ní 2024. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé ó ń mú kí ọmọbìnrin yàgàn. Irọ́ ni. Àìmọye mílíọ̀nù ọmọbìnrin ló ti gbà á láti 2006 tí wọ́n ti ń lò ó, wọ́n sì ń bímọ. Jẹjẹrẹ tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà ló ń mú kí wọ́n yọ ilé ọmọ obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á náà ṣì máa ṣe àyẹ̀wò nígbà tó bá dàgbà, torí kò ká gbogbo oríṣi HPV.

Àwọn ọmọ ọdún 20 sí 29 máa ń bínú bí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró di 30. Ìdí wà. Lọ́jọ́ orí yẹn, HPV kún ara ọ̀pọ̀ wọn, ara wọn ni yóò sì lé e jáde. Bí a bá ń wá a kiri lára wọn, a ó máa gé ohun tí ì bá wábi lọ fúnra rẹ̀, ẹnu ilé ọmọ tí wọ́n sì ti gé lára rẹ̀ lè mú kí obìnrin bímọ kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, òfin ibi tí ẹ wà ni kí ẹ tẹ̀lé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 25 sí 64 ni NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ń pè. Bí ẹ bá kó kúrò ní ilé kan sí òmíràn láìsọ fún dókítà àdúgbò yín (GP), ilé àtijọ́ ni lẹ́tà tí wọ́n bá kọ máa lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kan ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 21 pẹ̀lú Pap smear, àwọn mìíràn ní 25 pẹ̀lú àyẹ̀wò HPV. Ọmọ ọdún 65 ni ó sábà máa ń parí fún ẹni tó ti ń ṣe é déédéé.

Àwọn ìyá wa tí nǹkan oṣù wọn ti dá ni a ń gbàgbé jù. Wọ́n á ní, “Ọmọ mi, kí ni mo tún fẹ́ fi ilé ọmọ ṣe?” Bẹ́ẹ̀ ẹnu ilé ọmọ ṣì wà níbẹ̀, kòkòrò tó wọ ibẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ sì lè ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọmọ ọdún 50, obìnrin tí àyẹ̀wò 2 tó tẹ̀ léra kò rí nǹkan lára rẹ̀ lè simi. Ẹni tí kò ṣe é rí kò tíì lè simi. VIA kì í sábà wúlò fún wọn mọ́, nítorí ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀sì wò ti wọ inú lọ. Àyẹ̀wò HPV ni kí ẹ wá fún wọn. Ẹni tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ tẹnutẹnu nítorí fàìbírọ́ọ̀dù kò nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó nílò rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Gbogbo ọjọ́ orí tí mo kà yìí, ti ẹni tí nǹkan kan kò ṣe ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá fún ọdún kan, ẹ má ka ọjọ́ orí. Bákan náà ni omi ojú ara tó ń rùn tí kò dá, àti ìrora ìsàlẹ̀ ikùn tí kò lọ. Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, abiyamọ ọlọ́mọ 5, kò ju ọmọ ọdún 31 lọ nígbà tí àrùn yìí pa á ní 1951. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ á máa ra oògùn àrùn tí wọ́n ń pè ní “tọ́ílẹ́ẹ̀tì” lọ́wọ́ kẹ́míìsì fún oṣù mélòó kan nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń kán. Fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ náà, kí òun fúnra rẹ̀ wo ẹnu ilé ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pé 30 tí ẹ kò tíì ṣe é rí, ẹ bi ara yín léèrè ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín máa parí. Ẹ yan ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín lọ, kí ẹ sì mú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín kan tí kò tíì ṣe é dání.